Fíúsì Tó Ń Gbóná ní Ire-Akari

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, oòrùn ò sì tíì yọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà tí Sherifdeen Àìná gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wọ ọgbà ilé kan ní Ire-Akari. Adémidé ti ń dúró dè é. Òun ló ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n tò sí yàrá ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rọ tó ń ṣírò tọ̀sán-tòru láti wa owó bítíkọ́ìnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ooru wọn tó yan ẹ̀pà. Sherifdeen ló fa wáyà yàrá náà, ó sì máa ń ròyìn ooru ibẹ̀ nílé bí ẹni ń pa àlọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, fíúsì yẹn tún fẹ́ yọ́," ni Adémidé wí. "Gbogbo ilé ń rùn. Lándíláọ̀dù ní bí òun bá fi máa ti Jímọ̀ dé tó ṣì ń gbóná, òun á kó àwọn ẹ̀rọ mi sínú òjò."

"Kò níí gbóná mọ́. Ìwọ lọ jókòó sínú ilé."

"Rárá o. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Bàbá Abórìṣàdé tó ń ṣọ́ géètì ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn kan jáde, ó gbá wọn lójú. Adémidé fi ẹ̀wù bo imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wáyà ló ń rùn báyìí?"

"Rọ́bà ló jóná."

Sherifdeen pa iná, ó fi àkísà fa fíúsì náà yọ. Ara rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀, ó ti wá pọ́n bí eyín ẹni tó ń mu sìgá. Níbi tí idẹ ti ń gbá idẹ mú, nǹkan kan tó rí bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ̀rọ ló pọ̀ jù fún un?"

"Ẹ̀rọ ò pọ̀ jù. Dógunró ló jẹ ẹ́. Bí idẹ méjèèjì ò bá ti gbá ara wọn mú dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń gbóná."

"Dógunró kẹ̀? Nínú yàrá tó gbẹ báyìí?"

Sherifdeen ń fi sáńpépà ha idẹ lọ. Adémidé bá rọra yí lọ sẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ, ó sì figbe ta.

Wọ́n tẹ́ àwọ̀n sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí. Ẹja oníyọ̀ kún orí rẹ̀ bámúbámú, omi iyọ̀ ara wọn ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó, ìdin ń wọ́ lábẹ́ wọn bí ìrẹsì tó ń hó. Adémidé bì sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá! Ta ló ń sá ẹja sínú yàrá mi?"

Bàbá Abórìṣàdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹnì kan ló bẹ̀ mí, ó ní oòrùn ò yọ. Ó máa ń fún mi ní orí ẹja."

"Ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

"Mo máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa."

Sherifdeen tutọ́ sílẹ̀. "Obìnrin burúkú! Irú èyí ló fẹ́ kí ọmọ èèyàn rà jẹ? Bàbá, ṣé ó júwe ilé ẹ̀ fún yín? Ṣé ó dárúkọ ọkọ ẹ̀?"

"Kò sọ nǹkan kan fún mi."

Sherifdeen mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó o dànù," ni Adémidé wí. "Mi ò lè fọwọ́ kàn án."

Sherifdeen ká apá ẹ̀wù sókè, ó sì kó ẹja náà sínú àpò kan, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìdin ń jábọ́ sí i lápá, ó ń gbọ̀n wọ́n nù. Ó fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, ó fi fíúsì tuntun sí i, ó tanná, àwọn ẹ̀rọ bú ramúramù. Nígbà tí lándíláọ̀dù ti mọ́ṣáláṣí dé, ó fẹ̀yìn ọwọ́ kan àpótí fíúsì náà, ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì wọlé lọ jẹun.

"Ẹ̀gbọ́n, èèyàn dáadáa lẹ jẹ́," ni Adémidé wí. "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ọmọ."

Sherifdeen ṣe àmín, ó gbé àpò ẹja náà lé èjìká, ó kọjá lára ààtàn láìdúró, ó wọkọ̀ lọ sí ọjà Bọ́ládé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní kó gbọn ìdin ara àwọn ẹja náà dànù kó tó pàtẹ, òun á bá a wá yàrá gbígbóná míì.