Òòlù Inú Dùùrù

Ṣakí, 1982.

Ó ti rẹ Àtinúkẹ́.

Ojoojúmọ́ ni Àdìgún ọkọ rẹ̀ ń fi gbogbo agbára tẹ dùùrù, bí ẹni ń lu irin.

Àtinúkẹ́ wá ẹni tó ń tún dùùrù ṣe dé Ìsẹ́yìn, kò rí. Ìbàdàn ló ti mú Ọ̀ṣuntókun wá.

Ọkùnrin náà ń fi abẹ́rẹ́ gún irun àgùntàn tó ti le gbagidi lórí àwọn òòlù kéékèèké tó ń lu wáyà inú dùùrù.

“Màmá, ohùn rẹ̀ á rọ̀.”

“Ẹ ṣé o. Etí mi ti fẹ́ kọ ọkọ sílẹ̀.”

Iṣẹ́ parí. Àdìgún jókòó, ó tẹ dùùrù.

Ohùn náà tutù bí omi àmù. Àtinúkẹ́ mí kanlẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Abíọ́nà, ní kí ọ̀gá yìí dá àwọn òòlù náà padà sí bí wọ́n ṣe wà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”