Kúlà Díkónẹ́ẹ̀sì Ọlábísí

Ewúrẹ́ ló dá mọ́tò Díkónẹ́ẹ̀sì Ọlábísí dúró ní Òkè-Oyì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, wọn ò sì kánjú. Ibi tó ti ń dúró kí wọ́n kọjá ló ti rí ilé alámọ̀ tí wọ́n ń wọ ojúde rẹ̀ lọ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó rí Sakinah, ọmọ ọdún méje, nínú ẹ̀wù tó ya léjìká. Ó rí Màsúdát ìyá rẹ̀ láìwọ bàtà, tòun ti ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Omi bọ́ lójú Díkónẹ́ẹ̀sì.

"Olúwa, o ṣeun tó o fi wọ́n hàn mí," ó ní.

Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní àdúgbò Challenge. Opó ni, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fún òun. Nígbà tó di Sátidé, ó se ìrẹsì, ó din ẹran, ó kó o sínú kúlà kékeré kan, ó gbé e lọ sí Òkè-Oyì.

Màsúdát àti Abdulmateen ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko dé. Màsúdát kúnlẹ̀, ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí i.

"Oúnjẹ rè é," Díkónẹ́ẹ̀sì wí. "Jésù ló ní kí n gbé e wá fún yín."

Abdulmateen wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo kúlà.

"Ẹ ṣeun, Màmá," Màsúdát dáhùn. "Àlùbáríkà á wọlé yín."

Nígbà tí Díkónẹ́ẹ̀sì tún gbé òmíràn lọ ní Sátidé kejì, Màsúdát gbé ti àkọ́kọ́ jáde. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ogún ẹyin ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá, ó kéré."

Lọ́jọ́ Àìkú, Díkónẹ́ẹ̀sì jẹ́rìí nínú ìjọ. "Ẹ gbọ́ o! Tálákà paraku ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n mọ ọpẹ́ dá!" Gbogbo ìjọ hó yèè. Kò fẹnu kan ẹyọ ẹyin kan níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ aláìlóbìí tí ìjọ wọn ń tọ́ ló kó o lọ. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí ní gbogbo Sátidé: kúlà kan ń lọ, kúlà kan ń bọ̀, ohun tó bá wà nínú èyí tó bọ̀ di ti àwọn ọmọ yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kún.

Oṣù méjì kọjá. Díkónẹ́ẹ̀sì ṣàkíyèsí pé Màsúdát ti rù. Eegun ọrùn Abdulmateen ti yọ síta. Ewúrẹ́ márùn-ún péré ló kù lójúde.

"Àwọn yòókù dà?"

"Wọ́n ti lọ, Màmá," Màsúdát wí, ó sì wolẹ̀.

Háà! Ebi ló ń pa wọ́n, oúnjẹ òun ò tó wọn. Díkónẹ́ẹ̀sì lọ sí Ọjà Tuntun, ó ra kúlà ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìnáwó, tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Màsúdát ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Màmá, gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá!"

"Ṣé kékeré ìjelòó... ṣé ẹ ò ní in mọ́ ni?"

"Kékeré kẹ̀? Ká má rí i! Ṣé irú èmi ló yẹ kó máa ha nǹkan fún yín?"

Ìrẹsì náà a máa kan kó tó di ọjọ́ Ajé. Màsúdát a bù ú fún gbogbo àdúgbò, a ní sàráà ni. Àti lílọ àti bíbọ̀ kúlà náà, ọkùnrin méjì ló ń gbé e.

Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún, kò sí ewúrẹ́ mọ́. Kò sí iṣu lórí ọgbà iṣu. Abdulmateen, tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Díkónẹ́ẹ̀sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà á gan-an pé wọ́n á kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní àrùn kankan ò ṣe wọ́n, ebi ni.

"Ebi kẹ̀?" Díkónẹ́ẹ̀sì bú sẹ́kún. "Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mò ń gbé lọ?"

Ó sáré lọ bá Pásítọ̀ Túndé. Pásítọ̀ ní ẹrù yìí ti ju ti ẹnì kan lọ, kí gbogbo ìjọ kún un lọ́wọ́.

Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, bọ́ọ̀sì ìjọ dé Òkè-Oyì tòun ti orin àti àtẹ́wọ́. Wọ́n sọ kúlà ńlá márùn-ún kalẹ̀, wọ́n tò wọ́n síwájú ilé alámọ̀ náà. Màsúdát jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún kíkorò.

"Sun ún, ọmọ mi," Díkónẹ́ẹ̀sì wí, ó dì mọ́ ọn, òun náà ń sunkún. "Ẹkún ayọ̀ ni."

Abdulmateen fara ti ògiri. "Ìnnàlílláhì," ó ń wí lábẹ́ ẹnu bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Ìnnàlílláhì."

"Àmín!" Pásítọ̀ Túndé dáhùn.

Wọ́n ya fọ́tò. Bọ́ọ̀sì gbéra, orin ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi gbọ́ ọ mọ́. Màsúdát nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Sakinah," ó ní, "nílé tí wọ́n ti bí mi, a kì í dá abọ́ padà lófìfo fún ẹni tó fi gbé oúnjẹ wá fún wa, torí náà ẹ tètè wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ oko, nítorí kúlà márùn-ún la gbọ́dọ̀ kó nǹkan kún kí Sátidé tó dé."