Ẹ̀rọ Kì Í Kanlẹ̀kùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Vedrana so ìborùn mọ́ ọrùn Tonka ọmọ rẹ̀, ó sì ki ápù kan sínú àpò kóòtù rẹ̀. Bura, afẹ́fẹ́ líle olótùútù tó máa ń ti orí òkè wá, ti ń fẹ́ láti òru, ó ń lu àwọn fèrèsé onípákó.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá mú mi lónìí?"

"Èmi ni."

"Kì í ṣe Màmá Perina?"

"Èmi ni mo ní. Ó yá, gbẹ́sẹ̀."

Atukọ̀ ni ọkọ Vedrana, oṣù méjì ló kù kó tó dé. Màmá Perina, opó tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn, ló máa ń bá a mú ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi bí iṣẹ́ bá pẹ́. Iṣẹ́ sì máa ń pẹ́. Vedrana ni ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ní ìlú etí òkun náà, ìwé kíkọ ló sì ń jẹ ọjọ́ rẹ̀ tán.

Ọjọ́ náà ló gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ará olú ìlú bóyá ọ́fíìsì rẹ̀ á gba ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé wá fún ìdánwò. Ẹ̀rọ náà ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ olùkọ́, dókítà àti ọlọ́pàá, ó ń kó o pọ̀, ó sì ń tọ́ka ọmọ tó wà nínú ewu. Kì í dárúkọ, nọ́ńbà ló ń lò. Ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń bára wọn tan, tí òṣìṣẹ́ ń ti fáìlì ọmọ àbúrò rẹ̀ sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, ohun tí Vedrana fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ti buwọ́ lù ú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á kọ̀wé sí ọlọ́pàá, á wá bẹ́ẹ̀dì sílé ìtọ́jú ọmọ tó wà lẹ́yìn òkè, á pe ọkọ̀. Àwọn tó bá ọkọ̀ lọ nìkan ni orúkọ máa hàn sí.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ìwé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roko wà lábẹ́ àwọn ìwé mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Vedrana lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló gbé pósí náà.

Frane, ẹni tó dàgbà jù lọ́fíìsì, wọlé pẹ̀lú kọfí.

"Ọ̀gá, mo ti ka ohun tí ẹ̀rọ yín sọ láàárọ̀ yìí."

"Ẹ̀rọ wa ni, Bàbá Frane."

"Tiyín ni. Tèmi ni ti kọfí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, òun náà máa ń gbowó mi mì láìfún mi ní nǹkan kan."

Vedrana rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún márùn-ún. Bàbá kò sí nílé. Ilẹ̀ máa ń ṣú kí wọ́n tó wá mú un ní jẹ́lé-ó-sinmi. A pe ìyá lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà, kò gbé e. Ọmọ sọ fún olùkọ́ pé òun kì í mọ ìgbà tí ìyá òun ń wọlé, oorun ti máa ń gbé òun lọ.

"Duje ọmọ Jagoda nìyẹn," ni Frane wí.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Jagoda. Ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ ẹlẹ́ja tó wà ní èbúté. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Jámánì, kò tiẹ̀ kí i mọ́.

"Ẹ má dárúkọ. Torí ẹ̀ gan-an la ṣe fẹ́ gbà á."

"Ta ló máa gbé fóònù tí ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ọṣẹ? Ẹ jẹ́ kí n lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀ ná. Ẹ̀rọ kì í kanlẹ̀kùn, ọ̀gá."

"Ẹ kan ti Roko. Wọ́n ní ó ń sùn, ẹ sì padà."

Frane gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Kò mu ún mọ́.

"Ẹ má bínú," ni Vedrana wí. "Àmọ́ irú ìyá wo ni ilẹ̀ máa ṣú mọ́ lórí tí ò ní rántí ọmọ ẹ̀?"

"Ìyá tó ń ṣiṣẹ́."

Ní ọ̀sán, Vedrana ti fóònù rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ojú àwọn ará olú ìlú yọ lórí kọ̀ǹpútà. Ó sọ èrè rẹ̀ fún wọn: ìwé kankan ò ní sọnù, ojúsàájú ò ní sí, òṣìṣẹ́ á máa tètè délé. Ó sọ àléébù rẹ̀ náà, ó lo ọ̀rọ̀ Frane pé ẹ̀rọ kì í kanlẹ̀kùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn.

Ó buwọ́ lu ti ọmọ ọdún márùn-ún náà. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ọkọ̀ ti gbéra.

Ìpàdé ò parí títí iná fi tàn ní èbúté. Nígbà tó yọ fóònù, ó rí i pé Màmá Perina ti pè é. Ó mọ̀ pé ó ti bá òun mú Tonka nìyẹn. Ó ra ṣokoléètì kan láti fi bẹ ọmọ rẹ̀.

Ó gba iwájú ilé Jagoda kọjá. Iná wà ní títàn nínú yàrá ìsàlẹ̀. Jagoda gbé Duje sórí itan, ó ń fi táwẹ̀lì nu irun rẹ̀. Vedrana rò ó pé ọkọ̀ náà ò tíì dé. Ó gbójú kúrò, ó sì yára rìn, torí ó fẹ́ gbá Tonka mọ́ra.

Orí àtẹ̀gùn níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ ni Màmá Perina jókòó sí, tó di ìborùn Tonka mú, ó sì ní, "Wọn ò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn, Vedrana, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró dè ọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ, wọ́n ní ìwọ lo buwọ́ lù ú."