Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Pásítọ̀

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́ kan," ni díákónì ń bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà yàrá àdúrà tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, nígbà tí ìjọ ń dúró de ìsìn. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń wàásù, ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ aláìsàn wò, ẹ̀yin náà lẹ tún ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Igi kan kì í dágbó ṣe."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi l'Ọlọ́run pè ni, àbí ìgbìmọ̀ ìjọ? Tí mo bá ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn."

Ó tilẹ̀kùn látinú, ó gbé kọ́kọ́rọ́ padà sọ́rùn. Kò tíì kúnlẹ̀ tán tí àyà rẹ̀ fi fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Ó ṣubú gbì, kọ́kọ́rọ́ ń gún un láyà. Ó fẹ́ pariwo, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ti wúwo bí òkúta. Ìkérora nìkan ló jáde.

Ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kérora. Ẹ jẹ́ ká jálẹ̀kùn."

Ọkàn rẹ̀ fò fáyọ̀.

"Ẹ má dán an wò, Màmá," ni díákónì dáhùn jẹ́jẹ́. "Ṣebí ẹ mọ àṣẹ Bàbá. Wọ́n ti wà nínú ẹ̀mí nìyẹn."

Pásítọ̀ fi gbogbo agbára tó kù sí i lára kérora lẹ́ẹ̀kan sí i.

Gbogbo ìjọ hó yèè: "Àmín!"