Súfèé Nínú Oko Kòkó

Ilẹ̀ ti ṣú kí Adégòkè tó gbà pé nǹkan ti ṣe Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, tó lọ sí oko kòkó láàárọ̀ tòun ti ibà lára. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó mú ọ̀pá. Bó ṣe ń lọ ló ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀, kí ejò tó bá wà lójú ọ̀nà lè gbọ́, kó yà fún un. Àyọ̀ká ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ́ kí wọ́n pa ejò lóko rẹ̀.

Ó pè é títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ó wá ku súfèé tí wọ́n fi ń pe ara wọn lọ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni kì í súfèé lálẹ́, torí ejò ni í pè. Adégòkè nu omijé nù, ó súfèé.

Súfèé dá a lóhùn láti iwájú, bí Àyọ̀ká ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́.

Kó tó sáré lọ bá a, ewé gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀: ejò ni, ńlá, kékeré, wọ́n ń bọ̀. Ó dúró sójú kan. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ìkankan nínú wọn kò wò ó. Ibi tí súfèé ti dún ni wọ́n ti ń sá bọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́nà ilé, Àyọ̀ká sọ̀rọ̀.

“Bàbá Bùsọ́lá, odò ló kún, ọ̀nà òkè ni mo gbà wálé. Ta lẹ ń súfèé pè?”

Kó tó dáhùn, súfèé náà tún dún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ báyìí.