Màmá, Mo Ti Dé Ibi Iṣẹ́

"Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà yìí ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi o!"

Ọ̀gá sún mọ́ ọn, ó wò ó. Ẹnì kan ló so áàpù kan níbẹ̀ mọ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù. Bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà náà báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo: "Màmá, mo ti dé ibi iṣẹ́."

"Iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé tó ni àga tó o jókòó sí nìyẹn," ni ọ̀gá wí. "Já a dànù, jàre."

Ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ náà dìde lórí àga náà. Ṣé òun ló wá ń fi ohùn òkú kí ìyá rẹ̀ láràárọ̀ láìmọ̀? Ibi tó ti fẹ́ já a ló ń wá lọ́wọ́ tí èsì fi yọ lójú kọ̀ǹpútà:

"Ọmọ mi, wọ́n láwọn ti sin ẹ́. Mo bi wọ́n pé, ṣé òkú ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ni?"

"Ṣó o ti já a?" ni ọ̀gá bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ku díẹ̀, sà." Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì, kò lè tẹ̀ ẹ́.

Èsì mìíràn wọlé:

"Àmọ́ kí ló dé tó ò wá sùn sílé mọ́?"