Télọ̀ tí Kò Jẹ́ Kí Dókítà Sọ̀rọ̀ Tán

Télọ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tán. Kí o tó la ẹnu, á ti ní, "Mo ti mọ̀." Bí àwọn oníbàárà ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nígbà tó yá, àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n dé bá a. Dókítà, ọmọbìnrin kan báyìí, fún un lóògùn. Ó ní, "Bàbá, oògùn yìí ló máa dá ohun tó ń darí ọwọ́ yín padà sínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó pẹ̀lú..."

"Mo ti mọ̀, ọmọ mi! Ṣé òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo oògùn ni?" Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Lójú tirẹ̀, oògùn tó le, oúnjẹ tó le ló ń fẹ́. Ẹ gbọ́ ìṣègùn ọ̀hún! Láràárọ̀, ẹyin díndín àti ife wàrà ló fi ń ti oògùn náà wọlé. Ọwọ́ ò yéé gbọ̀n. Ó wá ń pariwo pé oògùn yẹpẹrẹ ni wọ́n fún òun.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń múra ìgbéyàwó. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé bàbá òun ni yóò rán aṣọ òun. Nígbà tó rí i tí bàbá gbé léèsì funfun tí wọ́n fẹ́ fi rán an sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín rọlẹ̀ ná."

"Mo ti mọ̀," ni bàbá wí, ó sì ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ. Ọwọ́ ṣe gìrì. Yéè! Léèsì ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún.

Òun náà ló fa bàbá padà sọ́dọ̀ dókítà. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá panu mọ́.

Dókítà ní, "Bí ikùn bá ti lọ ẹyin, wàrà, ẹran tàbí ẹ̀wà, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ámínò ásíìdì ló ń jáde nínú wọn. Ọ̀nà kan náà ni òun àti oògùn yín ń gbà wọ ọpọlọ. Bó bá ti dí ọ̀nà, ìta ni oògùn máa wà. Ẹ kọ́kọ́ lo oògùn, ẹ fún un láyè dáadáa, kí ẹ tó jẹun."

"Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn?"

"Òun náà ni, Bàbá." Ojú ti bàbá gan-an.

Ó ṣe bí wọ́n ṣe wí, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n léèsì ti bàjẹ́, ìgbéyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Télọ̀ mìíràn ló rán aṣọ ìyàwó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn èrò ń bọ bàbá lọ́wọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Aṣọ yìí mà dára o!" Ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Èmi kọ́ ni mo rán an." Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dé egungun. Ọmọ rẹ̀ rí i, ó sún mọ́ ọn, ó ní, "Bàbá mi, ẹ má banú jẹ́. Aṣọ ọmọ tí mo máa bí, ẹ̀yin lẹ máa rán an."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: bí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó títí dé ìparí. Ẹ béèrè oúnjẹ tó bá a mu àti èyí tí kò bá a mu. Oògùn tó dára lè di asán lára ẹni tí kò gbọ́rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà kí wọ́n kọ́ òun ṣì lè rí ìwòsàn.